Bí a ṣe ń wọn ọ̀rá ara: èwo ló sún mọ́ òtítọ́, èwo la lè gbára lé nílé?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan, ẹni 40 ọdún. Gíga rẹ̀ jẹ́ 172 sẹ̀ǹtímítà, ó wúwo ní kílò 76, àyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ 92, ọrùn rẹ̀ jẹ́ 38. Ká ní ó dúró ní ìsọ̀ aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì fi ìlànà mẹ́ta ṣírò ọ̀rá ara rẹ̀. Ìlànà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tó ń lo ikùn, ọrùn àti gíga, yóò ní 22.6% ara rẹ̀ ni ọ̀rá. Ìlànà Deurenberg, tó ń lo kílò, gíga àti ọjọ́ orí, yóò ní 23.8%. Èyí tí wọ́n ń pè ní RFM, tó ń lo gíga àti àyíká ikùn (ìbàdí), yóò ní 26.6%. Ọkùnrin kan náà ni, àárọ̀ kan náà ni, ìṣirò ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀.

Ìdí tí wọn ò fi fẹnu kò ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọn ọ̀rá. Okùn ni wọ́n fi yí ikùn ká, ara ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n. Ọ̀rá, ṣe ni wọ́n fi ìṣirò fojú bù ú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè wọ̀n ọ́n gan-an ni kí wọ́n tú ara palẹ̀, kí wọ́n yọ ọ̀rá sọ́tọ̀, kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, òkú nìkan nìyẹn sì ṣeé ṣe fún. Wọ́n ṣe é ní Brussels fún òkú 25, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1984. Gbogbo ìlànà yòókù, látorí okùn aránṣọ dórí ẹ̀rọ tó kún yàrá, ohun mìíràn ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá sọ ọ́ di ọ̀rá.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ìlànà kọ̀ọ̀kan. Báwo ló ṣe sún mọ́ òtítọ́ tó? Bí mo bá tún un wọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣé ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa sọ? Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè kìíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Ẹ wo abọ́ tí ìyá alágbàdo fi ń wọn ọjà ní Ouando. Bí ìdí abọ́ náà bá ti tẹ̀ wọnú, kì í gba iye tó yẹ kó gbà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra abọ́ mẹ́rin lónìí tí ẹ sì ra márùn-ún lọ́la, ẹ mọ̀ dájú pé tọ̀la pọ̀ ju tòní lọ. Abọ́ tó tẹ̀ ṣì wúlò. Èyí tí kò wúlò ni abọ́ tí ìdí rẹ̀ ń tẹ̀ lónìí, tó tún ń yọ síta lọ́la. Fún ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ nílé, lójú tiwa, ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun ló sì jẹ́ kí okùn aránṣọ tí a lò dáadáa sàn ju òṣùwọ̀n oníná tó ń pe nọ́ńbà tuntun láràárọ̀ lọ.

Ibi tí ìṣirò ti ṣẹ̀

Epo máa ń léfòó lórí omi. Ọ̀rá ara náà rí bẹ́ẹ̀: lítà ọ̀rá kan wúwo tó kílò 0.9. Lítà kan ìyókù ara, ìyẹn iṣan, eegun, ìfun àti omi inú wọn pọ̀, wúwo tó kílò 1.1. Bí a bá ti mọ iye kílò tó wà nínú lítà kan ara yín, a lè ṣírò iye tó jẹ́ ọ̀rá nínú rẹ̀. William Siri ló kọ ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò lọ́dún 1961: ẹ pín 495 pẹ̀lú kílò inú lítà kan ara yín, kí ẹ yọ 450 kúrò nínú èsì. Ẹni tí lítà ara rẹ̀ wúwo tó kílò 1.05 ní 21.4% ọ̀rá.

Ibi tí ìṣòro wà ni kílò 1.1 yẹn. Ó gbà pé eegun àti iṣan gbogbo ènìyàn ki bákan náà, ara àwọn òyìnbó díẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un jáde. Eegun ẹlòmíràn ki ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò Siri á wá rí ara tó wúwo, á ní ọ̀rá ibẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ eegun ló ki. Lọ́dún 1984, Schutte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ìṣirò mìíràn fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà: ẹ pín 437.4 pẹ̀lú kílò inú lítà, kí ẹ yọ 392.8. Fún ara kan náà tí Siri ní 21.3% sí, ti Schutte á ní 23.7%. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé wọn kò fẹnu kò lórí bí ìyàtọ̀ náà ti tóbi tó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé ohun tí wọ́n rí lára ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà bá ará Kétu mu wẹ́kú. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìlànà tó bá gba ọ̀nà Siri kọjá, bó ti wù kí ọwọ́ yín mọ́ tó, ó lè fi 2% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Okùn aránṣọ

Ẹ ra èyí tí kì í nà. Okùn tí aránṣọ ti fà fún ọdún bíi mélòó máa ń gùn sí i, pàápàá èyí tó jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n onírin ti káfíńtà: bí 100 orí okùn kò bá bọ́ sórí 100 ọ̀pá, ẹ wá òmíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìbàdí, ìbàdí ni. Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìlànà ń pè bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ ogun ojú omi ń wọn ọkùnrin ní ojú ìdodo, ó sì ń wọn obìnrin níbi tí ikùn ti tín-ín-rín jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wọ̀n ọ́n ní agbedeméjì eegun ìhà tó kẹ́yìn àti orí eegun ìbàdí. RFM ń wọ̀n ọ́n lókè orí eegun ìbàdí gan-an. Lára ẹni tó ní ikùn, ìyàtọ̀ ibi wọ̀nyí lè tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ mú ibi kan, kí ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìdodo tó.

Ara òfìfo ni kí okùn kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti kókó ìró ni àwọn obìnrin máa ń gbàgbé jù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohunkóhun tó bá gbé okùn kúrò lára yípo, ẹ sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀ (6.28). Aṣọ tó nípọn ní mìlímítà 2 á fi sẹ̀ǹtímítà 1.3 kún ìbàdí. Ìlẹ̀kẹ̀ tó nípọn ní mìlímítà 5 á fi sẹ̀ǹtímítà 3 kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, kó sún un sísàlẹ̀ sórí ìdí, kó wọn ibi tó wà lókè rẹ̀, kó má sì yí ìyẹn padà láéláé.

Ẹ dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ méjèèjì kí ó sún mọ́ra, kí apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mí síta bó ṣe máa ń wá fúnra rẹ̀, ẹ má fi agbára fa ikùn wọlé, ẹ má sì tì í síta. Ẹ ka nọ́ńbà ní òpin èémí yẹn. Okùn gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń wọn ara rẹ̀ kò sì lè rí i. Dígí tàbí ẹnì kejì ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ọrùn, abẹ́ gògóńgò ni, kí okùn sọ̀ díẹ̀ síwájú. Àyíká ìdí, ibi tó yọ jù ni. Ẹ wọn ibì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tú okùn kúrò lára láàárín wọn. Bí méjì nínú wọn bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà síra, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìlànà ọmọ ogun ojú omi, tí Hodgdon àti Beckett gbé kalẹ̀ lọ́dún 1984, ń lo bọ́tìnì "log" orí ẹ̀rọ ìṣirò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, bọ́tìnì náà á yọ. Ẹ lo "log", ẹ má lo "ln", nítorí èsì wọn ò pa pọ̀ rárá. Fóònù tó wà lédè Faransé á fi àmì kọ́mà síbi tí a fi àmì ìdádúró sí níhìn-ín. Ohun kan náà ni wọ́n.

Fún ọkùnrin: ẹ yọ ọrùn kúrò nínú ikùn, kí ẹ wá "log" rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.19077. Ẹ wá "log" gíga, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.15456. Ẹ mú 1.0324, ẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi ìkejì kún un. Ohun tó jáde ni kílò inú lítà. Ẹ pín 495 pẹ̀lú rẹ̀, ẹ yọ 450. Fún ọkùnrin wa, 92 yọ 38 jẹ́ 54. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 1.0474, ìyẹn 22.6%. Bí okùn bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré ṣìnà, tó ka 93, á di 23.3%. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà kan níbi ikùn tó nǹkan bí 0.7%, ìyẹn sì jẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ yín balẹ̀ tó.

Fún obìnrin: ẹ ro ikùn àti ìdí pọ̀, ẹ yọ ọrùn, ẹ wá "log" rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.35004. "Log" gíga, ìlọ́po 0.22100. Ẹ mú 1.29579, ẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi ìkejì kún un, kí ẹ tún gba ọ̀dọ̀ Siri kọjá. Obìnrin tó ga ní 160, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ 84, ìdí 104, ọrùn 33, á ní 37.1%.

Ẹni tí ìṣirò yìí bá sú, kó lo RFM tí Woolcott àti Bergman gbé jáde lọ́dún 2018. Ọkùnrin á pín gíga pẹ̀lú ìbàdí, á sọ ọ́ di ìlọ́po 20, á yọ ọ́ kúrò nínú 64. Obìnrin á yọ ọ́ kúrò nínú 76. Obìnrin tí a sọ lókè á ní 37.9%, kò jìnnà rárá. Ẹ ti rí i pé ti ọkùnrin wa jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní 4%. Ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sórí ìlànà mìíràn láàárín oṣù kan sí èkejì, kó mọ̀ pé òun ti fi ohun tó ń wọ̀n ṣòfò.

Ìlànà okùn ti ọmọ ogun ojú omi máa ń fi nǹkan bí 3.5% ṣìnà. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé nínú ènìyàn mẹ́ta, méjì ni èsì rẹ̀ á wà láàárín 3.5% sí òtítọ́, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta á jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí ẹni náà ṣe lè mọ̀ pé òun ni ẹnì kẹta.

Ìlànà kílò àti gíga, tí a ń pè ní BMI, la ó kọjá lára rẹ̀ kíá. Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1832, Ancel Keys ló sì sọ ọ́ lórúkọ yìí lọ́dún 1972. Àwùjọ ńlá ló bá mu. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti òwúrọ̀ ní iṣan lẹ́yìn, ní itan àti ní apá. BMI á gbé iṣan yẹn, á pè é ní ọ̀rá. Arúgbó tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ, BMI á ní kò sí ọ̀rá lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà.

Ẹ̀mú ìwọ̀n ọ̀rá

Ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ kékeré tó ní ojú ìwọ̀n mìlímítà. Ó ń wọn bí awọ tí a ká pọ̀ ṣe nípọn tó, nítorí pé apá kan ọ̀rá ara wà lábẹ́ awọ. Ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, nǹkan bí 3 sí 4% ló fi ń ṣìnà. Ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò níye. Nínú gbogbo irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú, èyí ni ọwọ́ ẹni tó mú un ti ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀mú tó dára máa ń fi gíráàmù 10 tẹ mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ oníke lásán, agbára ìtẹ̀ rẹ̀ máa ń dín kù bí ó bá ti pẹ́, àwọn awọ á wá dà bíi pé wọ́n nípọn sí i. Kí ẹ tó lò ó, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé: ó gbọ́dọ̀ ka 0. Ẹ fi mú nǹkan líle tí ẹ mọ nínípọn rẹ̀ dájú. Bí kò bá ka ohun tó yẹ, ẹ má fi wọn ènìyàn.

Ìlànà Jackson àti Pollock fún ọkùnrin (1978) ń lo ibi mẹ́ta. Lórí àyà, ẹ ká awọ ní ìdábùú-òkè (kì í ṣe òòró, kì í ṣe ìbú, àárín méjèèjì ni), ní agbedeméjì iwájú abíyá àti orí ọmú. Lórí ikùn, sẹ̀ǹtímítà 2 sí apá ọ̀tún ìdodo, ẹ ká awọ ní òòró. Lórí itan, ní iwájú, ní agbedeméjì ibi tí itan ti ń ká àti orí eegun orúnkún, ní òòró. Ti obìnrin (1980) jẹ́ ẹ̀yìn apá, ní agbedeméjì orí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ní òòró. Òkè eegun ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ní ìdábùú-òkè. Àti itan bákan náà. Ọwọ́ ọ̀tún ara ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ká awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ sókè, kí ẹ mì í díẹ̀ kí iṣan bọ́ kúrò. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá iṣan wà níbẹ̀, kí ẹni náà fún ibẹ̀ le; iṣan á fà bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ẹ̀mú sí sẹ̀ǹtímítà kan sí ìka yín, ní ìdajì jíjìn ìká náà. Ẹ má fi ìka sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú ọ̀rá á ti sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀ lójú yín. Ẹ yípo gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó padà sí ti àkọ́kọ́, kí awọ lè sinmi. Bí ìwọ̀n méjì ní ibì kan bá fi ju mìlímítà 2 yàtọ̀, ẹ mú ẹ̀kẹta.

Awọ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí tàbí àdí para, awọ rẹ̀ á máa yọ̀ lọ lẹ́nu ẹ̀mú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá tàbí oko dé, ẹ̀jẹ̀ ti sá wá sábẹ́ awọ, yóò nípọn ju bó ti yẹ lọ.

Ìṣirò ọkùnrin: ẹ ro mìlímítà ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ mú 1.10938, ẹ yọ àròpọ̀ náà lọ́nà 0.0008267, ẹ fi àròpọ̀ náà lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 0.0000016, kún un. Ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 0.0002574. Ọkùnrin ẹni 40 ọdún tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68 á bọ́ sí 1.0503, ìyẹn 21.3% lọ́dọ̀ Siri. Ti obìnrin bẹ̀rẹ̀ láti 1.0994921, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni 0.0009929, 0.0000023 àti 0.0001392, ní ètò kan náà.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ kọ àròpọ̀ mìlímítà náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọkàn sí i ju ìdá ọgọ́rùn-ún lọ. Mìlímítà ni ẹ wọ̀n. Ìdá ọgọ́rùn-ún, Siri ló bá yín méfò. Ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ wá láti 68 sí 58 ti pàdánù ọ̀rá abẹ́ awọ, ìbáà ṣe òyìnbó ni, ìbáà ṣe ará Àjàṣẹ́.

Òṣùwọ̀n oníná

Èyí ló wọ́pọ̀ jù báyìí nínú ilé àti ní ibi eré ìdárayá, òun náà sì ni a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Ó máa ń rán iná mànàmáná kékeré, tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ lára, gba inú ara kọjá. Omi àti iyọ̀ inú iṣan ń jẹ́ kí iná kọjá; ọ̀rá kò ní omi púpọ̀, ó ń dí i lọ́nà. Nítorí náà, omi ni ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n. Nọ́ńbà ọ̀rá tó gbé sójú rẹ̀ jẹ́ àbá tó dá látinú omi, gíga, kílò, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe nígbà tí ẹ ń tẹ gíga sínú rẹ̀, láéláé ni á máa parọ́ fún yín.

Èyí tí ẹ kàn fi ẹsẹ̀ dúró lé, iná rẹ̀ gba ẹsẹ̀ kan gòkè, ó sì gba èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohunkóhun nípa ikùn àti àyà. Èyí tí a ń fi ọwọ́ dì mú kò mọ itan. Èyí tó ní irin fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló sàn jù. Síbẹ̀, fún ẹnì kan ṣoṣo, 4 tàbí 5% kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu.

Ohun tó ń tì í ṣubú pọ̀. Ẹni tó bá mu lítà omi kan kó tó gun un, kílò kan ti kún un, ṣùgbọ́n omi inú ikùn kò tíì dé inú iṣan. Ẹ̀rọ á ka púpọ̀ nínú kílò náà sí ọ̀rá. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, omi ara rẹ̀ ti dín kù, ọ̀nà iná ti dí, ọ̀rá rẹ̀ á dà bíi pé ó pọ̀. Mùsùlùmí tó ń gbààwẹ̀ Ramadan á rí nọ́ńbà kan kó tó ṣínu, á rí òmíràn lẹ́yìn tó bá jẹun sààrì. Ẹ mú wákàtí kan ṣoṣo nínú oṣù yẹn, kí ẹ má sì fi wé ti oṣù mìíràn. Lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ara gbóná, ẹ̀jẹ̀ ń sáré, iná á kọjá wẹ́rẹ́, ọ̀rá á dà bíi pé ó ti lọ. Kò lọ. Ní ọjọ́ tí obìnrin bá súnmọ́ nǹkan oṣù rẹ̀, omi ara máa ń yí padà pẹ̀lú.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti yi nítorí rírìn lẹ́sẹ̀ lásán, tàbí tó sán nínú ọyẹ́, kì í jẹ́ kí iná wọlé dáadáa. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún, kí ọ̀rinrin díẹ̀ kù lára rẹ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kì í ṣe orí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Itan méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, bí kò bẹ́ẹ̀ iná á gba ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó bá sanra, kó fi aṣọ gbígbẹ sáàárín. Àárọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó mu ẹ̀kọ, ni àkókò tó dára jù. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa ń kọ "masse grasse" (ọ̀rá ara lédè Faransé), òmíràn ní kílò, òmíràn ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Kílò 17 àti 17% kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú àyà kò gbọ́dọ̀ gun irú òṣùwọ̀n yìí. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi wọn ọ̀rá, nítorí kò sí ìṣirò rẹ̀ tó mọ ọmọ yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí omi wà nínú ikùn rẹ̀ nítorí àìsàn, kò sí ìlànà kankan nínú ìwé yìí tó bá a mu. Dókítà ni kó rí.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá

Ìwọ̀n abẹ́ omi ni àwọn olùwádìí fi ń dán àwọn yòókù wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á wọn ènìyàn lórí ilẹ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nínú omi, ìyàtọ̀ méjèèjì á fi lítà ara rẹ̀ hàn. Ó ń béèrè kí ẹni náà tú gbogbo èémí jáde lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n nǹkan bí lítà kan àti díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ mìíràn mọ iye rẹ̀. Fún ọkùnrin wa, bí wọ́n bá gbàgbé lítà 1.2 yẹn, ọ̀rá rẹ̀ á fi nǹkan bí 8% pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó lè gbé òṣùwọ̀n lọ sí ọ̀sà kó ní òun fẹ́ ṣe é. Bod Pod ń fi afẹ́fẹ́ ṣe ohun kan náà nínú àpótí tó dà bí ẹyin. Irun orí tó pọ̀ àti aṣọ tí kò fún mọ́ ara ló ń dà á láàmú. Méjèèjì ṣì ń gba ọ̀dọ̀ Siri kọjá.

DXA ń lo ìtànṣán X oríṣi agbára méjì, ó ń ya eegun, ọ̀rá àti ìyókù sọ́tọ̀. Ìtànṣán rẹ̀ kéré púpọ̀, àmọ́ kí aboyún má dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀rọ kan náà, èsì kì í fi ju nǹkan bí 1% yàtọ̀, òun ló sì jẹ́ kó níyì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu. Ẹni tó lọ sí Kútọnu lọ́dún yìí, tó sì lọ sí Èkó lọ́dún tó ń bọ̀, kò lè fi èsì méjèèjì wé ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ líle eegun wò ni kí ẹ ti béèrè.

Èyí tó sún mọ́ òtítọ́ jù fún alààyè ni kí wọ́n pa mẹ́ta pọ̀: lítà ara, àpapọ̀ omi ara (ẹni náà á mu omi tí wọ́n ti fi àmì sí), àti eegun látọ̀dọ̀ DXA. Yàrá ìwádìí nìkan ló ń ṣe é. MRI àti sìkánà, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ń fi ọ̀rá tó yí ìfun ká hàn ní tààrà, èyí tí ẹ̀mú kò lè dé. Ṣùgbọ́n ìtànṣán sìkánà pọ̀, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é torí ọ̀rá nìkan.

Ọ̀rá inú yẹn gan-an ni okùn aránṣọ fi tún gba ipò rẹ̀ padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìbàdí 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin sí ìbẹ̀rẹ̀ ewu, 102 àti 88 sí ewu tó ti pọ̀. Kò sí ìṣirò nínú rẹ̀, kò sí Siri. Kí ìbàdí má ju ìdajì gíga lọ náà jẹ́ ìwọ̀n tó rọrùn láti rántí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yí padà lóòótọ́?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ fi àárọ̀ márùn-ún tẹ̀léra wọn ara yín pẹ̀lú irinṣẹ́ kan ṣoṣo, láìyí oúnjẹ padà. Ká ní ìbàdí jẹ́ 92.0, 91.4, 92.6, 91.8 àti 92.2. Àárín wọn ni 92.0. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0, 0.6, 0.6, 0.2, 0.2. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀: 0.80. Ẹ pín in sí mẹ́rin (iye àárọ̀ dín ọ̀kan): 0.20. Ẹ tẹ bọ́tìnì √: 0.45. Ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 2.77, ó di 1.2.

Sẹ̀ǹtímítà 1.2 ni ariwo ọwọ́ yín, ìyẹn bí nọ́ńbà ṣe lè lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ara yí padà. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó di 91.2, kò tíì sí ohun tí ẹ lè sọ. Bó bá di 90.5, ó ti dín lóòótọ́. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ẹ̀mú pẹ̀lú àròpọ̀ mìlímítà, kí ẹ ṣe é fún òṣùwọ̀n oníná pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ariwo rẹ̀ bá tóbi ju ohun tí ẹ retí pé kó dín lóṣù kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa fi àárọ̀ mẹ́ta wọn ara rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, kó mú àárín wọn: sẹ̀ǹtímítà 1.2 yẹn á wá sílẹ̀ sí 0.7.